Ìjì Gbé Ìyàwó Tuntun

Abọ́sẹ̀dé ń fi òróró pa ẹ̀wọ̀n lára nígbà tí nọ́ńbà agbára ìjì já láti mẹ́sàn-án sí méje.

"Méje," ni Atọ́ka, ẹ̀rọ tó ń ka ìjì, wí láti inú ògiri, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí ó fi ń sọ ohun gbogbo, ìbáà jẹ́ ikú, ìbáà jẹ́ àkókò oúnjẹ. "Ìjì ń rọ̀. Ẹ kú ewu."

"Ewu wo ló kọjá tí o fi ń kí wa?"

Atọ́ka kì í fèsì sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ariwo ayọ̀ sọ láti ilé dé ilé. Ẹnìkan ń lu ìdérí ìkòkò. Ohùn Ìyá Bọ̀sún, tó ń gbé ní ilé kẹtàlá, gba ẹnu Atọ́ka wọlé. "Ìyá Ẹ̀wọ̀n, ṣé kí n tú àwọn adìẹ mi sílẹ̀? Láti àná ni àwa jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Àkùkọ yẹn ń hanrun."

"Má tú nǹkan kan, Ìyá Bọ̀sún. Jẹ́ kó máa hanrun."

Ìyá Ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ènìyàn ń pe Abọ́sẹ̀dé, nítorí òun ló ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n irin tó gba abẹ́ gbogbo ilé kọjá, bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Bí ìjì bá ń bọ̀, àwọn ilé tó léfòó káàkiri yóò wọ́ wá pàdé, Abọ́sẹ̀dé yóò ti àgádágodo àgbà tó wà nínú yàrá rẹ̀, gbogbo wọn á sì di ọ̀kan. Ìgbì tó lè dojú ilé kan dé kò lè dojú ọgọ́rin ilé dé.

Akínrìnlọlá ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ìka wá ibi tí okùn kan ti já kí ó lè hun ún pọ̀. Kò wo okùn náà. Awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, bí eérú ṣe ń bo ẹyin iná.

"Nọ́ńbà yìí ń sáré sọ̀kalẹ̀ jù," ó ní. "Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá báyẹn, ó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀ ni."

Kí Abọ́sẹ̀dé tó dáhùn, Mákanjúọlá ti ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀wù òjò aláwọ̀ òféèfèé ti Òkè wà lọ́rùn rẹ̀, omi sì ń kán lára rẹ̀.

"Bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Omi tó wà nínú ilé yìí tó wa."

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Òun ni aṣojú Ìgbìmọ̀ Òkè, àwọn tó ń ṣàkóso láti orí ilẹ̀ gíga, lórí omi yìí, ọkọ̀ irin rẹ̀ sì ń mì lórí ìdákọ̀ró lẹ́yìn àwọn ilé. Ṣùgbọ́n orí omi ni wọ́n bí i sí. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjì kan náà ni òun àti Abọ́sẹ̀dé lọ, Abọ́sẹ̀dé kàn fi ọdún díẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ ni.

Abọ́sẹ̀dé nu ọwọ́, ó fà á dé ìdí tábìlì tí dígí Atọ́ka wà. Nínú dígí náà ni ìjì ti ń yí, funfun, ó gbilẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú ní àárín.

"Sọ ohun tí o rí fún Bàbá Mọ́láyọ̀ tó jókòó yẹn."

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n kà."

"Mo mọ̀. Òun ni mo ní kí o kà á fún."

Mákanjúọlá bẹ̀rẹ̀ sórí dígí. "Ògiri méjì ló yí ojú rẹ̀ ká báyìí, bàbá. Ti inú ti ya ní ìhà ìlà-oòrùn, òjò rẹ̀ ń já dànù. Ti òde ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹnu pọ̀ ni. Ó ti di òbìrí."

"Ìyálé àti ìyàwó," ni Akínrìnlọlá wí.

"Ìyálé àti ìyàwó ni, sà."

Ọ̀rọ̀ àwọn ará omi nìyẹn, kò sí ọmọ wọn tí kò mọ̀ ọ́n. Òkun tó gbóná ni ìkòkò ọbẹ̀ ìjì. Ooru omi á máa gòkè, ògiri ìkuukùu tó yí ojú ìjì ká á máa gbà á jẹ. Ògiri yẹn ni ìyálé. Bó ṣe ń jẹ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀, bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ ló ń fa oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwọn ọ̀wọ́ òjò tó ń rìn kiri lóde á fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́, wọ́n á sì di ògiri kejì. Ìyàwó dé nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Oúnjẹ tó bá ti òkun bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, ohun tó bá ṣẹ́kù kò tó ìyálé í fi panu. Ebi á pa ìyálé, á rù, á fọ́. Ẹni tó wà lókèèrè á ní ilé ti rójú. Kò mọ̀ pé ìyàwó ń sán aṣọ mọ́ ìdí ni, tó ń sún mọ́ àárín ilé díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi jókòó sórí àpótí ìyálé. Ọjọ́ tó bá jókòó, ìjà ọjọ́ yẹn kì í kéré sí ti àná, agbo rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ jù ú lọ.

"Àti àwa ńkọ́?" ni Akínrìnlọlá bi í. "Níbo la wà nínú ilé olórogún yìí?"

"Ẹnu ọ̀nà," ni Mákanjúọlá dáhùn. "Ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ kọlù wá."

"Mẹ́fà," ni Atọ́ka wí. "Ìjì ń rọ̀. Ẹ kú ewu."

Abọ́sẹ̀dé wo Mákanjúọlá lójú. "Bó bá di mẹ́rin ńkọ́?"

"Ẹ mọ òfin."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

"Bó bá di mẹ́rin, ẹ ó tú ẹ̀wọ̀n, kálukú á gba ibùdó rẹ̀ lọ."

"Sínú ìyàwó."

"Òfin kò mọ ìyàwó, àǹtí mi. Òfin kò mọ ògiri. Nọ́ńbà ló mọ̀. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́yìn ìjì tó kọjá, mo ya ògiri méjèèjì sínú rẹ̀, mo fi ọfà tọ́ka. Wọ́n ní mo ṣeun."

"Kí ló dé tí ilé wa kò fi lè so pọ̀ di ọ̀la péré? Ta ló ń dí lọ́wọ́?"

"Ilé tó bá so pọ̀ lẹ́yìn ìjì ti di ìlú. Ìlú á béèrè ilé-ìwé. Ìlú á ní àwọn fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ní ìgbìmọ̀. Wọn ò fẹ́ ìlú kankan mọ́ lórí omi, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní nọ́ńbà tí ẹ ò ní orúkọ."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgádágodo àgbà, ìrù ẹ̀wọ̀n náà yọ sínú yàrá, ó ká jọ bí ejò tó sùn. Òrùka ńlá kan wà lára rẹ̀ tí kò so mọ́ ilé kankan. Ti ilé kejìlélógún ni. Nínú ìjì tó kọjá, nọ́ńbà já sí mẹ́rin, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n nígbà náà ṣe bí òfin ti wí, ìyàwó sì bá àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú omi. Púpọ̀ padà. Ilé kejìlélógún kò padà, bẹ́ẹ̀ ni olùṣọ́ náà kò padà. Mákanjúọlá kì í wo òrùka yẹn. Ilé tí wọ́n bí i sí ni, ìyá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Mi ò ní tú u," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

"Àǹtí mi."

"Mo ní mi ò ní tú u. Mákanjú ni wọ́n sọ ọ́, ìwọ sì ń kánjú. Jókòó."

Kò jókòó. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó tọ́ka sí òǹtẹ̀ tó ń tàn ní ọrùn ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé, lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí èyí tó wà ní ọrùn ọwọ́ Akínrìnlọlá. "Bí ẹ bá kọ̀, òǹtẹ̀ yín á kú. Ti bàbá á kú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ilé kan ni yín. Dókítà ojú ti gba orúkọ bàbá wọlé. Bí ìjì yìí bá ti kọjá ni ọkọ̀ mi fẹ́ gbé wọn gòkè. Mo fi ẹnu ara mi bẹ̀bẹ̀ fún un, àǹtí mi. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́. Láìsí òǹtẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí bàbá kọjá ẹnu ibodè."

Mọ́láyọ̀ ọmọ wọn wà ní Òkè, ó ti bímọ síbẹ̀. Akínrìnlọlá ti gbọ́ ẹkún ọmọ náà nínú Atọ́ka, ó ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ní gbogbo alẹ́ ló máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ pé báwo ni imú ọmọ náà ṣe rí, Abọ́sẹ̀dé á sì tún un sọ fún un bí ẹni pé kò sọ ọ́ rí.

"Márùn-ún," ni Atọ́ka wí.

"Ojú mi ni ẹ ń dúnàá-dúrà lé lórí láti ẹ̀ẹ̀kan," ni Akínrìnlọlá wí, "ẹ ò sì pè mí sí ọjà náà."

"Bàbá Mọ́láyọ̀, mo fẹ́ bi ọ́."

"Ìgbà wo? Ìgbà tí o bá tà á tán?" Ó gbé okùn sílẹ̀. "Imú ọmọ yẹn, ṣé kò jọ tèmi?"

"Ó jọ tìrẹ."

"Ṣé ó fẹjú bíi tèmi?"

"Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa. Mo ti rí i nìyẹn." Ó tún mú okùn. "Ọgọ́rin ilé ló wà lóde yẹn. Tí o bá tú wọn sínú ìyàwó torí kí èmi lè lọ wo imú ọmọdé, ojú wo ni kí n wá fi wò ọ́?"

Abọ́sẹ̀dé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Lẹ́yìn náà ó dúró gbọnrangandan níwájú àgádágodo àgbà. Àwo ọwọ́ méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún àtẹ́lẹwọ́ olùṣọ́, èkejì fún àtẹ́lẹwọ́ aṣojú Òkè. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè ṣí i. Èyí gan-an ló ń dùn ún. Bí òun bá kọ̀, ọwọ́ Mákanjúọlá á ṣe é.

"Mẹ́rin," ni Atọ́ka wí. "Ìjì ti rọ̀. Kí olùṣọ́ tú ẹ̀wọ̀n."

Òde ti dákẹ́. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ débi pé a ń gbọ́ omi tó ń lá ìdí ilé. Oòrùn tó dà bí omi ata yọ díẹ̀ láàárín ìkuukùu. Ẹni tí kò bá wo dígí, ó lè sá aṣọ sóde.

"Olùṣọ́ kọ̀," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

"Mo gbọ́ pé olùṣọ́ kọ̀," ni Atọ́ka wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Mo gbọ́dọ̀ ka òfin sí yín létí. Ẹni tó bá kọ̀ láti tú ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ni ibùgbé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́wọ̀n bá wà nínú rẹ̀, àfi adájọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Kí aṣojú kéde rẹ̀ ní ẹlẹ́wọ̀n, lẹ́yìn náà kí aṣojú ṣí àgádágodo."

"Tún un kà," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Atọ́ka tún un kà.

"Ìlà kejì yẹn. Tún un kà."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́wọ̀n bá wà nínú rẹ̀, àfi adájọ́ tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀."

Akínrìnlọlá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré láti inú ọ̀fun. Abọ́sẹ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ìrù ẹ̀wọ̀n, ó wúwo, ó fi yí ìbàdí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì bí ìgbà tí obìnrin bá ń gba ọ̀já, ó fa ẹnu rẹ̀ pàdé, ó sì fi àgádágodo kékeré tó fi ń ti àpótí irin-iṣẹ́ rẹ̀ tì í. Òróró rẹ̀ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

"Atọ́ka, kí ló wà ní ìbàdí mi?"

"Ẹ̀wọ̀n ni."

"Níbo ni mo wà?"

"Ẹ wà nínú ẹ̀wọ̀n."

Àwọn tó kọ òfin náà ní Òkè, ilé onífèrèsé irin ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ìlà kejì. Ilé wọn kì í léfòó, wọn ò ní ìdí láti máa ronú nípa ẹ̀wọ̀n tó ń so ilé. Ṣùgbọ́n Atọ́ka kò ní ọkàn tó lè ní nǹkan sí. Ọ̀rọ̀ ló ní, ẹ̀wọ̀n sì ni ẹ̀wọ̀n.

Abọ́sẹ̀dé kọjú sí Mákanjúọlá. "Ó kù sí ọ lọ́wọ́. Kéde mi."

Mákanjúọlá wo ẹ̀wọ̀n. Ó wo ibi tó ti wọ abẹ́ àgádágodo àgbà, tó sì gba ibẹ̀ lọ sábẹ́ ọgọ́rin ilé. Ó mọ òfin náà ju Abọ́sẹ̀dé lọ, ó ti kọ́ ọ sórí. Ó lè sọ pé òun kò ní kéde, kó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣí i lójú ẹsẹ̀ kí ẹlẹ́wọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń wọ yàrá yìí, ojú rẹ̀ bọ́ sórí òrùka tó ṣófo, kò sì gbé e kúrò.

"Òfin ní kí n kọ́kọ́ kéde," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìkéde ló ṣíwájú." Ó gbé ohùn sókè. "Èmi Mákanjúọlá, aṣojú Òkè, mo kéde Abọ́sẹ̀dé, olùṣọ́ ẹ̀wọ̀n, ní ẹlẹ́wọ̀n."

Ìmọ́lẹ̀ kú ní ọrùn ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé. Ó kú ní ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Akínrìnlọlá kò rí i, ṣùgbọ́n ó fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Nígbà náà ni Mákanjúọlá rìn lọ síwájú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí àwo gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

"Mi ò lè ṣí i," ni Atọ́ka wí. "Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú ẹ̀wọ̀n yìí. Adájọ́ nìkan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Adájọ́ nìkan."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí àwo náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ibi tí ẹlẹ́wọ̀n wà gbọ́dọ̀ ní orúkọ lórí àwòrán ilẹ̀," ni Atọ́ka tẹ̀síwájú, "kí adájọ́ lè mọ ọ̀nà. Ibí yìí kò ní orúkọ. Kí ni orúkọ ẹ̀wọ̀n yìí?"

Kò sí ẹni tó retí ìyẹn. Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ lé ẹ̀wọ̀n tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ máa ń dárúkọ ìlú kan tí òkun gbé mì kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, ìlú tó ní ojú pópó, tó ní ọbẹ̀ ẹja tirẹ̀, tó ní ìbú tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwẹ̀.

"Àjọgbé," ó ní.

"Àjọgbé," ni Atọ́ka tún un sọ, ó sì sọ ọ́ ní gbogbo ilé, ní inú ọkọ̀ irin, àti ní Òkè. "Ẹ̀wọ̀n Àjọgbé. Ẹlẹ́wọ̀n kan."

Lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Bọ̀sún jáde láti inú ògiri. "Atọ́ka, wọ́n ha ń fún ẹlẹ́wọ̀n lóúnjẹ?"

"Òfin ní lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́."

"Lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà kọ̀. Kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé tèmi."

"Èmi náà kọ̀," ni ọkùnrin kan wí láti ilé kẹtàdínlógójì.

"Àwa nílé yìí kọ̀, tọmọ tìyá."

"Ẹ̀yin tó kọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Atọ́ka ò ní etí púpọ̀. Mo kọ̀."

Mákanjúọlá dúró láàárín yàrá, ó ń kéde wọn bí orúkọ wọn ṣe ń jáde, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i. Òǹtẹ̀ ń kú láti ilé dé ilé. Nígbà tó kan ilé tó gbẹ̀yìn, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Ìdákọ̀ró mi ò lè gba ìyàwó dúró. Níbo ni kí n so ọkọ̀ mi mọ́?"

Abọ́sẹ̀dé ti òrùka tó ṣófo náà sí i pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Ààyè kan wà."

Mákanjúọlá gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fà á jáde. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ irin tó kọlu irin lẹ́yìn ilé.

Abọ́sẹ̀dé kò lè rìn jìnnà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lára. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Akínrìnlọlá fi ọwọ́ tọ ògiri wá bá a, ó jókòó tì í, ó wá ìrù ẹ̀wọ̀n kàn, ó sì dì í mú.

"Ṣé o bínú?" ni Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Dákẹ́ ná." Ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀wọ̀n tó dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó tún gbọ̀n, lẹ́yìn náà ló nà gbọọrọ láti abẹ́ ilé kan dé òmíràn, gbogbo ilé sì kérora papọ̀. Nínú dígí, ògiri inú ti tán. Atọ́ka kò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà ṣì wà ní mẹ́rin.

"Ó ti dé," ni Akínrìnlọlá wí.

"Ta ni?"

"Ìyàwó."

Abọ́sẹ̀dé fún àgádágodo ìbàdí rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Jẹ́ kó wọlé," ó ní. "Gbogbo wa ló wà nílé."